Ẹni Tó Jókòó sí Oòrùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu ọpọ́n tí ìyá mi fi ń po òrí lọ, mo ti mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi ni. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń sọ ọ́, tó bá ti gbé igbá karí, tí ẹnì kan sì bi í pé kí ló dé tó tún gba ọ̀nà oko lọ sọ́jà nígbà tí ọ̀nà ńlá wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rán mi létí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin lọ ṣe fọ́màsíọ̀n ní Bassila láìpẹ́ yìí. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú yàrá kan, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwà tó ń mú kí ẹni tó dá òwò sílẹ̀ rọ́wọ́ mú. Ó padà wálé sí Manigri níbí, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi: kéèyàn máa tètè jí, kó ní sùúrù, kó mọ oníbàárà rẹ̀, kó má ṣe purọ́ lórí ọjà, kó má sì jẹ owó ìpìlẹ̀. Mo jókòó, mo ń gbọ́, mo ń jẹ obì mi. Nígbà tó parí, mo ní, "Gbogbo èyí ni ìyá mi ní, inú oòrùn ló sì ti tajà títí tó fi darúgbó." Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ni mo bá sọ ọ́ fún un, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà báyìí.

Ayé àwọn Faransé ni. Ọ̀nà pupa tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Bassila, àwọn bàbá wa ló fi ọkọ́ àti ọwọ́ là á, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó iṣẹ́ fún wọn. Bàbá mi ń gbin isu bíi gbogbo ọkùnrin Manigri, isu rẹ̀ sì ń bọ́ wa yó. Àmọ́ ohun tó bá ti ju oúnjẹ lọ, ìyẹn iyọ̀, aṣọ, àti owó orí tí àwọn gádì kòmáńdà, aláṣẹ Faransé, ń wá gbà, inú òrí ìyá mi ló ti ń jáde. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì tijú láti sọ ọ́. Ó máa ń ní ìyàwó òun ni ọkọ òun ní ọjọ́ owó orí. Ìyá mi á ní kó yéé bú òun, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òrí nínú ike, ẹ kò mọ ìyà tó wà nídìí rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni à ń lọ ṣa èso lábẹ́ igi òrí nínú oko, kí àwọn ewúrẹ́ tó débẹ̀, kí àwọn obìnrin mìíràn sì tó jí. A ó sè é, a ó sá a, a ó pa á, a ó tún kó kóró rẹ̀ sá. Lẹ́yìn náà ni a ó yan án, a ó gún un, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi dà bí ẹrẹ̀ dúdú. Ìgbà náà ni pípò kàn. Omi díẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nínú ọpọ́n, à ń pò, à ń pò, títí apá yóò fi fẹ́ já. Tí kò bá sú ẹ, ẹrẹ̀ dúdú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ọ̀rá á sì léfòó. Ìyá mi kì í jẹ́ kó sú òun. Àwọn kan máa ń dá a dúró tó bá ti léfòó díẹ̀, wọ́n á ní ó ti tó. Tèmi kọ́, ìyá mi á fọ̀ ọ́ lómi lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì tún fọ̀ ọ́, títí omi náà yóò fi mọ́. Ó ní ẹni tó máa fi òrí pa ọmọ titun lára kò gbọ́dọ̀ gbọ́ òórùn èéfín níbẹ̀.

Ìkan wà tí àwọn obìnrin wa gbà gbọ́: ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn kì í ti ọwọ́ bọ ọpọ́n. Wọ́n ní òrí kò ní léfòó. Tí ẹni méjì tó ń pò ó bá ní ìjà, kí wọ́n kọ́kọ́ parí rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Tó bá ti sè é tán tó sì ti dì, ìyá mi á mọ ọ́n ní ìṣù ìṣù, á fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ lórí, á sì fi ewé wé e. Ìka mẹ́ta yẹn ni àmì rẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń ta òrí ní ti ẹ̀. Ẹnì kan á fi èékánná fà á, ẹlòmíràn á tẹ igi sí i lórí. Kò sí ẹni tó mọ ìwé nínú wa, àmọ́ gbogbo ọjà Bassila mọ ìka ìyá mi. Ìka àárín rẹ̀ sì wọ́. Ọmọ odó ló gbá a nígbà tó wà ní ọmọge, kò sì nà mọ́. Nítorí náà, ihò mẹ́ta ló máa ń wà lórí òrí rẹ̀, tàárín kì í jìn bí àwọn yòókù.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń tajà. Àwọn ará Bassila, Anii ni wọ́n ń sọ, àwa sì ń sọ èdè tiwa. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa máa ń nawọ́, wọ́n á tọ́ka sọ́jà, wọ́n á fi ìka sọ iye rẹ̀, ó parí. Ìyá mi kọ́ kíkí wọn. Kò ju kíkí lọ o, kò lè bá wọn rojọ́, ṣùgbọ́n ó mọ kíkí òwúrọ̀, ó mọ kíkí ọlọ́mọ, ó mọ kíkí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó máa ń ya ìṣù kan sí méjì kí oníbàárà tó béèrè, kó lè rí inú rẹ̀. Èènì rẹ̀ kì í jẹ́ ìgbẹ̀yìn ọpọ́n, láti inú èyí tó ń tà gan-an ló ti ń bu ú. Tí òjò bá ń rọ̀ tí gbogbo ènìyàn jókòó sílé, ìyá mi á fi ewé bo igbá rẹ̀, á mú mi lọ́wọ́, a ó máa lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ kan pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ní ẹnì kan ti fi ọjọ́ òní sọ́kàn pé òun yóò rí òun, òun kò sì lè jẹ́ kó retí lásán.

Àyè wa lọ́jà Bassila wà lábẹ́ igi ọdán kan. Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ìyá mi tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti máa ń sọ fún mi pé ibẹ̀ ni èmi náà máa jókòó. Ẹni tó bá mọ ọjà yóò mọ ohun tí ibòji jẹ́ fún ẹni tó ń ta òrí. Inú oòrùn, òrí á yọ́, ewé á rọ, oníbàárà á kọjá. Abẹ́ ọdán, òrí á dúró ṣinṣin títí di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà kan, ará Bassila, máa ń wá bá wa. Òun ló ń ra òrí jọ tó ń fi ọkọ̀ kàmíyọ̀ kó o lọ sí Djougou. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, kì í ya ìṣù kankan wò mọ́. Á kàn na ìka sí ihò mẹ́ta yẹn, á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà yẹn ni òwò wa. Bí ó bá fi ìyá mi sílẹ̀, a gbé.

Ìyá mi ní ọ̀rẹ́ kan. Inú agbo ilé tó kángun sí tiwa ló wà, ọdún kan náà ni wọ́n gbé wọn níyàwó wá sí àdúgbò. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ di irun fún mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sùn sí lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá ń ti ọjà bọ̀ tí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Tí ìyá mi bá nà mí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń sá lọ, á sì fi isu sísun tọ́jú mi. Inú ọpọ́n kan náà ni òun àti ìyá mi ti ń pò. Lónìí wọ́n á po ti ìyá mi, lọ́la wọ́n á po tirẹ̀, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe àáró lóko. Ìyá mi ló kọ́ ọ ní fífọ òrí títí omi fi ń mọ́. Òun ló mú un lọ sí Bassila, òun ló wá àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Àmọ́ ibòji ọdán yẹn kò fẹ̀. Ó parí síbi tí ẹní ìyá mi parí sí. Inú oòrùn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jókòó, pẹ̀lú ìborùn lórí, tó ń wọ́n omi sórí ewé òrí rẹ̀ kó má bàa yọ́.

Mo rí i lójoojúmọ́ ọjà. Ìyá mi náà rí i. Kò sí ẹni tó kà á sí.

Nígbà tó yá, ìyá mi lóyún, ó sì bí àbúrò mi ọkùnrin. Nílé wa, abiyamọ kì í ti ọwọ́ bọ ọpọ́n òrí, kì í sì í lọ sọ́jà jíjìn, títí ọrùn ọmọ yóò fi le. Kóró òrí tí a ti sá wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn oníbàárà sì ń dúró. Ọ̀rẹ́ ìyá mi wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí ìyá mi fọkàn balẹ̀, òun yóò po tirẹ̀ mọ́ tòun, òun yóò gbé e lọ, òun yóò sì bá a tà á. Ìyá mi dúpẹ́ títí ó fi fẹ́ẹ̀ sunkún. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ ni ó pè é padà, ó ní, "Bá mi tẹ ìka mẹ́ta sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé tèmi ni."

Àṣìṣe náà nìyẹn. Kò sí obìnrin Manigri kan tó máa ń tẹ àmì obìnrin mìíràn. Wọ́n lè yá ara wọn ní ọpọ́n, ní ọlọ, ní iyọ̀, kódà wọ́n lè bá ara wọn fún ọmọ lọ́mú, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í yá ẹnikẹ́ni ní ìka. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju gbogbo yín lọ. Ìfẹ́ ló jẹ́ kó gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe ire. Ọ̀rẹ́ ìyá mi á dé láti ọjà, á gbé owó fún ìyá mi, á ní ìyá àgbà kí i, á ní gbogbo ọjà ń béèrè ọmọ. Á gbé àbúrò mi sẹ́sẹ̀, á máa bá a ṣeré. Ìyá mi á ní Ọlọ́run kò fún òun ní ọmọ ìyá, àmọ́ ó fún òun ní èyí.

Ọrùn ọmọ le. Ìyá mi pọ̀n ọ́n, ó gbé igbá, a sì lọ sí Bassila. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin lójú ọ̀nà. Nígbà tí a wọ ọjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ènìyàn ní èdè wọn, bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn kan dáhùn láìgbójú sókè. Obìnrin kan tó ti ń rà á tipẹ́ yí ẹ̀yìn padà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú agbọ̀n. A dé abẹ́ ọdán. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ti ṣáájú wa dé, ó sì ti tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀, lórí àyè wa gan-an, ní àárín ibòji. Ó kí wa. Ó ní òun ń bá ìyá mi tọ́jú àyè ni. Kò dìde o.

Kí ìyá mi tó mọ ohun tó máa sọ, ìyá àgbà ti dé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìṣù òrí kan jáde nínú aṣọ, ìka mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Ó yà á sí méjì lójú gbogbo wa. Ìta rẹ̀ jẹ́ òrí dáadáa. Isu gígún ló wà nínú rẹ̀, ó ti bu, ó sì ń rùn. Isu, ẹ̀yin ènìyàn mi! Isu oko wa náà ni wọ́n gún kúnná, tí wọ́n mọ òrí bò. Ní Djougou ni wọ́n ti yà á, wọ́n sì ti dá gbogbo ẹrù padà sí ìyá àgbà lọ́rùn.

Ìyá mi sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀. Ó gba ààbọ̀ ìṣù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i nígbà tí ojú rẹ̀ dé orí ihò mẹ́ta yẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jìn bákan náà. Ó na ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú, pẹ̀lú ìka àárín tó wọ́, ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó, kì í ṣe ìka mi nìyí."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò pariwo. Ibi tó jókòó sí ló ti dáhùn, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń bá mi sọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí n bá ẹ tẹ̀ ẹ́ ni?"

Kí ni ìyá mi máa sọ? Òótọ́ ni. A wá gbọ́ nígbà tó yá pé láti ìgbà tí ẹ̀sùn náà ti dé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn pé ìyá mi ló po òrí rẹ̀ nílé ara rẹ̀, òun kàn bá a tẹ̀ ẹ́ tí òun sì bá a gbé e wá ni. Ó ní bóyá ìnáwó ọmọ titun ló fà á. Ó ní kí wọ́n má bínú sí i. Lẹ́yìn náà ló máa ń ya tirẹ̀ fún wọn wò, èyí tó ní àmì èékánná, tó funfun tó sì mọ́, bí ìyá mi ṣe kọ́ ọ. Gbogbo isu yẹn, abẹ́ orúkọ ìyá mi ló tà á. Òrí ìyá mi tó fi isu rọ́pò, ó fi àmì tirẹ̀ tà á, èrè rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Àti abẹ́ ọdán náà.

Ìyá àgbà wo ìyá mi, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tún wo ìyá mi. Ojú àgbà kò fọ́. Mo rò pé ó mọ̀. Ó sọ ọ́ ní èdè wa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. "Ọmọ mi, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé ìka tó gún ló tẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ tí wọ́n pè ni mo fi rà á. Èmi kọ́ ni mo yá a ní orúkọ rẹ, ìwọ ni."

Ó yí padà, ó sì ra òrí ọ̀rẹ́ ìyá mi lójú wa. Olówò ni, ẹrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ìyá mi gbé igbá rẹ̀ lérí láìta ìṣù kan ṣoṣo, a sì kọjú sọ́nà ilé. Kò kọrin mọ́. Kò sunkún pẹ̀lú. Èmi ni mo ń sunkún, mo ń bú obìnrin yẹn lọ́nà, ìyá mi kò sì pa mí lẹ́nu mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó lọ bá a nílé rẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e. Kò bá a jà. Ìbéèrè kan ló bi í: kí ni òun ṣe fún un? Mo rò pé yóò ṣẹ́, pé yóò búra. Obìnrin náà ń pa kóró òrí lọ́wọ́, kò sì gbé ọwọ́ dúró. Ó ní, "Láti ìgbà tí o ti mú mi dé ọjà yẹn ni mo ti ń jókòó sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ wo lo sún fún mi?"

Ìyá mi mú mi lọ́wọ́, a lọ sílé. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀, kì í ṣe fún mi, pé òun ì bá ti sún tó bá sọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà èwe mi títí mo fi di arúgbó yìí. Ó ì bá ti sún lóòótọ́, ìyá mi kì í ṣe ahun. Àmọ́ ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń bá ẹ po òrí, tó ń pọn ọmọ ẹ, sọ ọ́ kí o tó rí i pé oòrùn ń pa á? Ẹ má rò pé mò ń gbèjà rẹ̀. Ẹni tí oòrùn pa, kó sọ̀rọ̀, kó jà, kó gbé ẹní rẹ̀ lọ síbòmíràn. Kó má fi isu sínú òrí ẹni ẹlẹ́ni. Ohun tó dùn mí jù lọ ni pé gbogbo ìgbà tó fi ń pò ó pẹ̀lú ìyá mi tí inú rẹ̀ kò dùn yẹn, òrí léfòó. Léfòó dáadáa. Irọ́ ni àwọn ìyá wa pa fún wa.

Ìyá mi kò fi ọjà Bassila sílẹ̀. Ó wá igun kan lápá kejì, inú oòrùn gbáá, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ìṣù òrí tó bá gbé wá ló ń yà sí méjì, kò sí èyí tó ń tẹ̀ mọ́. Ó ń lọ nínú òjò, ó ń kí wọn ní èdè wọn bí wọn kò tilẹ̀ dáhùn. Díẹ̀ díẹ̀ àwọn Fúlàní tó ń gbé wàrà wá láti ìhà Doguè bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, nítorí wọn kò mọ ìtàn náà. Lẹ́yìn náà àwọn abiyamọ kan padà. A jẹun, a sanwó orí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò padà, ìyá mi kò sì jókòó sábẹ́ ọdán mọ́ láéláé. Òun nìkan ló ń po òrí rẹ̀. Tí mo bá ní kí n ràn án lọ́wọ́, á jẹ́ kí n pọn omi, kì í jẹ́ kí n ti ọwọ́ bọ ọpọ́n. Èmi ọmọ tó bí! Ìyẹn pẹ̀lú, obìnrin yẹn ló jí i gbé lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin náà máa fẹ́ gbọ́ pé ayé nà án. Kò nà án. Ó là. Ilé rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi páànù bò ní àdúgbò wa, tí òjò bá ń rọ̀ sí i, a ó máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lábẹ́ koríko tiwa. Òrí rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú, kò tún dá isu lú u mọ́, kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó ń tètè jí. Ó ní sùúrù. Ó mọ oníbàárà. Tí wọ́n bá pè é wá sí fọ́màsíọ̀n yẹn, òun ni wọn ì bá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà tí ìyá mi kú, ó wá. Ó ti darúgbó, igi ló fi ń rìn. Àwọn ènìyàn kún abẹ́ àtíbàbà, ó sì jókòó síta nínú oòrùn, ó ń sunkún, ẹkún tòótọ́. Ẹnì kan sọ fún mi pé kí n pe ìyá náà wọlé sínú ibòji. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, oòrùn mọ̀ ọ́n." N kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ayé ti yí padà. Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń lọ kóró òrí, ọkàdà ló ń gbé wa dé Bassila kí èèyàn tó jẹ obì kan tán, igi kajú sì ti gba ọ̀pọ̀ ibi tí igi òrí wà. Inú ike ni wọ́n ń di òrí sí, wọ́n á tẹ orúkọ sí i lára pẹ̀lú àwòrán obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọdán yẹn sì ti wó tipẹ́, wọ́n fi ṣe igi ìdáná.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán fún ọmọ ọmọ mi, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó wá ní òun ti ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ṣe fọ́màsíọ̀n náà, àwọn méjèèjì ló fẹ́ jọ dá òwò òrí sílẹ̀, òun sì fẹ́ kí n rí i. Ó mú un wá ní ọjọ́ kejì. Ọmọ dáadáa, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó sọ ọ́ fún mi láìlọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀: ilé páànù yẹn ni, ọmọ ọmọ obìnrin náà ni.

Mo wo ojú rẹ̀, mo rí ojú ẹni tó di irun fún mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ gún. Ó dà bíi pé ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé igbá rẹ̀ lérí láti ọjà náà ni. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n lé e jáde, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu mi.

Abẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá ni a jókòó sí, oòrùn sì ti yí. Ọmọ ọmọ mi ti na ẹsẹ̀ sínú ibòji, ó ń sọ̀rọ̀ òwò, ó ń sọ nípa orúkọ tí wọ́n máa tẹ̀ sára ike. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, oòrùn ń jó o lórí, ó sì ń fi ọwọ́ bo ojú, kò sọ nǹkan kan.

N kò dárí ji ẹnikẹ́ni o, kí ẹ má sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn fi ọ̀pá mi gbá ọmọ ọmọ mi lẹ́sẹ̀, mo ní, "Sún fún un."